Àáké Yẹ́lò Inú Àpótí Ìyá Mi

Bí wọ́n bá bi ìyàwó mi léèrè iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló máa ń dárúkọ, ó ní èkejì kò ṣeé ṣàlàyé fún ọmọlúàbí. Èkejì náà rèé: mo máa ń yẹ ìbọn wò. Kì í ṣe ìbọn tó ń pànìyàn o. Ìbọn oníke tí kò gùn tó ìka ọwọ́ ni, èyí tí ọmọlangidi sójà máa ń mú dání. Mo ń yẹ idà wọn wò, mo ń yẹ àṣíborí wọn wò, àti àpò ẹ̀yìn wọn, àti bàtà wọn tó máa ń há sábẹ́ àga. Àwọn ọmọlangidi tí apá àti ẹsẹ̀ wọn ṣeé tẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí àwa wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbàlagbà kan wà káàkiri ayé báyìí tí wọ́n ń wá wọn lójú méjèèjì. Ọmọlangidi fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Nǹkan ọwọ́ rẹ̀ ló wọ́n, torí ọmọ wo ló ń tọ́jú idà tí kò tó igi ìṣáná? Pàápàá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ibi tí nǹkan bá sì ti wọ́n báyìí, ayédèrú ò ní í pẹ́ dé ibẹ̀.

Ibùdókọ̀ Benson ni mo ti kó àrùn yìí. Ikorodu là ń gbé, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Benson sì ni mo máa ń bọ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ́ ẹrù tòkunbọ̀ sílẹ̀ lórí tapólì: àwo, bàtà, áyọ́ọ̀nù, ohun ìṣeré ọmọdé tó bá kọ̀ǹténà wọlé. Lọ́jọ́ kan mo rí sójà kan láàárín wọn tí kò lórí mọ́, ṣùgbọ́n tí àpò ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú mi là. Ọmọ ilé kejì wa ní irú rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí. Mo rà á. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti ń pè mí ní bàbá onílangidi.

Mo kọ́ iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n lórí fóònù, títí àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Ojú là ń kọ́kọ́ lò. Nǹkan oníke máa ń ní ìlà tínínrín lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ìdajì méjèèjì mọ́ọ̀dù rẹ̀ ti pàdé, bí èyí tó máa ń wà lára búlọ́ọ̀kù. Bí ìlà náà bá nípọn jù, mo ti fura. Lẹ́yìn ojú ni èékánná, lẹ́yìn èékánná ni imú, torí ike àtijọ́ ní òórùn tirẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀ tí kò yé mi, mo ń lo omi. Àwọn kan wà tí ojúlówó wọn máa ń rì, tí ayédèrú wọn sì ń léfòó, nítorí ike fífúyẹ́ ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú fi ń ṣe é. Píọ̀ wọ́tà nìkan ni mo sì ń lò. Mi ò kì í lo omi kànga, mi ò kì í lo omi ẹ̀rọ, mo sì máa ń jù ú sínú omi pẹ̀lú ojúlówó kan àti ayédèrú kan tí mo ti mọ̀ dájú, kí àwọn méjèèjì ṣe ẹlẹ́rìí. Inú agolo súìtì lọ́súńjì kan ni àwọn ẹlẹ́rìí mi yìí ń gbé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ẹnu mi kò dùn nídìí iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ kan wá láti Ibeshe nígbà kan, ó fi áńkáṣífù di àṣíborí kékeré kan bí ẹni gbé ẹyin. Kó tó jókòó ni mo ti wò ó, kó tó jókòó náà ni mo ti sọ fún un pé ayédèrú ni. Ọkùnrin náà mu omi tí a gbé fún un, ó dìde, kò tilẹ̀ rántí sọ pé ó dàbọ̀. Ìyàwó mi bá mi jà lọ́jọ́ yẹn.

"Ṣé o ò lè jẹ́ kó kọ́kọ́ fìdí lélẹ̀ ni?"

Mo ní ayédèrú kò ní í di ojúlówó torí pé ẹni tó ni ín jókòó. Inú mi dùn sí èsì náà gan-an nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti bàbá mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, inú ọkọ̀ òkun ló sì ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Òun kọ́ ló ń tu ọkọ̀ náà, kíkùn ló ń kùn ún, òun ló sì ń so okùn rẹ̀ mọ́ èbúté. Ìrìn àjò kan wà tó lọ, mo kéré gan-an nígbà náà, tó lé ní ọdún kan tí a kò gbúròó rẹ̀. Kò sí fóònù nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó bá a lọ nínú àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tó lè padà wá ròyìn. Kí ó tó dé, ọ̀rọ̀ ti dé ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbé e wá. Ó ní ẹnì kan rí ọkọ àbúrò òun ní Sàpẹ́lẹ̀, níwájú ilé obìnrin kan, tó gbé ọmọ jòjòló dání.

Nígbà tó yá, bàbá mi dé pẹ̀lú báàgì ńlá. Ó kó aṣọ fún ìyá mi, ó kó ife aláwọ̀ búlúù wá, ó sì fún èmi ní ọmọlangidi panápaná kan tó dé àṣíborí, tó mú àáké dání. Àáké náà jẹ́ yẹ́lò. Ó ní Jámánì ni òun ti rà á, níbi tí ọkọ̀ wọn ti bàjẹ́ tí wọ́n fi wà ní èbúté fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yí aṣọ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní irú èyí ló kún ọjà Èkó.

Gbogbo ilé jókòó yí bàbá mi ká nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ń sọ bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí, pé omi inú garawa máa ń di òkúta tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, pé ènìyàn lè fi àdá gé e.

"Ṣé bó ṣe ń rí ní Sàpẹ́lẹ̀ nìyẹn?" Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló bi í bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ Jámánì lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá mi sì ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó tún bí àwọn àbúrò mi fún un, kò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ìrìn àjò náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé kò wù ú láti mọ̀ ni. Nígbà tí èmi náà gbéyàwó ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Tó bá bi í, yóò dáhùn, òun yóò sì máa wo ìdáhùn náà fún ìyókù ayé òun.

Ní ti panápaná mi, àṣíborí rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọnù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tẹ̀ lé e, nígbẹ̀yìn ó já sínú ọ̀sà lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ wo ọkọ̀ ojú omi. Àáké rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, torí pé ẹnu mi ló máa ń wà. Mo ti jẹ ìdí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni jẹ pákò. Ìyá mi yọ ọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan, mo sì rò pé ó ti jù ú nù. Ó tó ìgbà tí mo ti ń hu ewú kó tó rán mi sídìí àpótí rẹ̀ pé kí n bá òun mú gèlè, tí mo rí àáké náà ní igun kan, tí wọ́n dì í mọ́ yẹtí góòlù rẹ̀ nínú áńkáṣífù. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò bi í. Mo dì í padà bí mo ṣe bá a.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, mò ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ nílé nígbà tí ará Jámánì kan, bàbá arúgbó, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wa orí fóònù. Panápaná mi ni. Ó mú àáké yẹ́lò dání. Bàbá náà ṣàlàyé pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ta panápaná yìí láyé, àáké aláwọ̀ eérú ló ń mú dání. Ọ̀dọ̀ tiwọn nìkan ni wọ́n ti ṣe é ní yẹ́lò, fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí ike aláwọ̀ eérú tán nílé iṣẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí wọ́n kó ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Ó wá kìlọ̀ pé ayédèrú panápaná náà wà láti ìgbà náà, tí àwọn kan ní ìlà oòrùn ayé ń ṣe, tí wọ́n sì ń kó lọ sí Áfíríkà, pé àwọn yẹn ní àáké oríṣiríṣi: pupa, ewé, yẹ́lò. Ojúlówó ní lẹ́tà kéékèèké ní ìdí ọwọ́ rẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá sì ti parẹ́, kí a jù ú sómi. Tó bá rì, ti Jámánì ni. Tó bá léfòó, ayédèrú ọjà ni.

Ẹ̀bà ọwọ́ mi tutù. Mo pe ìyá mi.

"Màámi, àáké kékeré inú àpótí yín yẹn ńkọ́?"

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Ti panápaná mi."

"Ó wà níbẹ̀. Ta ló sọ fún ẹ pé ó wà níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kò sí bí ènìyàn ṣe lè rí yẹ́lò tó jẹ́ ojúlówó rà ní Nàìjíríà nígbà náà. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, ó dé Jámánì ni.

"Tó bá wá jẹ́ ti ọjà Èkó ńkọ́?"

"A jẹ́ pé a ò tíì mọ̀ nìyẹn, Màámi."

"Má fẹnu dídùn tàn mí. Tó bá jẹ́ ti Èkó, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti kú ó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni kò kú, inú ilé àwọn òbí mi ló ń gbé, wọ́n ń rìn yí i ká.

"Wá wò ó," ni ìyá mi wí. "Ohun tó bá jẹ́ gan-an ni kó o sọ fún mi. Má torí pé mo bí ẹ kó o wá purọ́ fún mi. Bàbá ẹ ò sì gbọdọ̀ gbọ́ o."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba Ìtòíkin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo kó agolo àwọn ẹlẹ́rìí mi sápò. Bàbá mi wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù níwájú ilé, rédíò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, ó súre fún mi, ó béèrè àwọn ọmọ.

"Ìyá ẹ ti lọ sí ọjà Olúwo," ló wí. "Ó fẹ́ ra òbòkún tó máa yan. Ó ní ohun tó o wá mú wà lórí tábìlì, kó o má wulẹ̀ dúró de òun."

Kò bi mí pé kí ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹja nìkan ló gbé ìyá mi lọ sọ́jà láàárọ̀ yẹn. Kò fẹ́ wà níbẹ̀ ni.

Áńkáṣífù náà wà lórí tábìlì lóòótọ́. Ó ti yọ yẹtí rẹ̀ kúrò, àáké nìkan ló kù nínú rẹ̀. Mo gbé e sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì gbé e lọ sójú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ ọdún nínú aṣọ ti dán ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí kò fi sí mọ́. Mo yí ìdí rẹ̀ sókè láti wá lẹ́tà, kí ni mo bá? Eyín. Eyín tèmi fúnra mi. Mo ti jẹ lẹ́tà náà kúrò láti kékeré, gbogbo rẹ̀ rí pálapàla. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí bàbá mi ní láyé, èmi ni mo rún un lẹ́nu.

Omi ló kù. Mo ti pinnu pé màá ra píọ̀ wọ́tà lọ́nà, mo gbàgbé. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójúde tí mo lè rìn dé láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń yán, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á láti dúró. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Abọ́ fífẹ̀ kan wà nídìí ààrò ìyá mi, omi wà nínú rẹ̀, wọ́n fi tírè bò ó. Mo ṣí i. Omi náà mọ́ kedere, mo rí ìsàlẹ̀ abọ́. Èmi tí mo máa ń pariwo lé àwọn ẹlòmíràn lórí pé kí wọ́n má lo omi tí wọn ò mọ orírun rẹ̀, mo lóṣòó ti omi náà, mo sì ju àáké sí i.

Ó léfòó.

Mo fi ìka tì í wọlé. Ó jáde padà. Mo tún tì í, ó tún jáde, ó sì dùbúlẹ̀ sójú omi bí ewé. N kò mú agolo mi jáde nínú àpò. Ẹlẹ́rìí wo ni mo tún ń wá?

Mo gbọ́ ìrìn bàbá mi lẹ́yìn mi. Mo mú àáké náà, mo di ọwọ́ mọ́ ọn.

"Kí lò ń fọ̀?"

"Kò sí nǹkan, Bàámi."

"Ṣé kò sí wàhálà nílé?"

"Kò sí o."

Ó wo ọwọ́ mi tí mo dì, ó bu omi mu nínú ìkòkò, ó sì padà síwájú ilé. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wo etí rẹ̀ méjèèjì tó fẹ̀, tí èmi náà jogún, mo sì ń rò ó pé ta ni ẹlòmíràn tó ní irú etí yìí ní Sàpẹ́lẹ̀, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin, ṣé ó ti bímọ. Inú bí mi sí i. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo fẹ́ràn bàbá yìí, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ojú ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò ó. Ojú náà kò dára. Kò wù mí kí n ní in.

Kò pẹ́, ọ̀kadà gbé ìyá mi dé pẹ̀lú ẹja nínú apẹ̀rẹ̀. Ó kí bàbá mi níwájú ilé, ó wá tààrà sí ẹ̀yìnkùlé, ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀.

"Ó yá, sọ ọ́."

Olùkọ́ Ibeshe yẹn ni mo rántí, bó ṣe dúró pẹ̀lú áńkáṣífù rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."

"Mo ti gbọ́ ọ nìyẹn," ni ìyá mi wí.

Ó sì jókòó lóòótọ́, lórí àpótí ìdáná rẹ̀. Mo sọ fún un pé ó léfòó. Ó mi orí. Ó wo ọ̀nà iwájú ilé, níbi tí rédíò ti ń sọ̀rọ̀ nípa owó epo, ó wò ó pẹ́.

"Ó dáa," ló wí. "Mo ti fẹ́ ẹ, mo ti bímọ fún un, a ti darúgbó. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe sí i? Ó dáa náà." Ohùn rẹ̀ kò dáa rárá. Ó dìde, ó fún ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì ń wá ọ̀bẹ. "Bá mi da ẹja yìí sínú omi iyọ̀ yẹn kí eṣinṣin tó bò ó."

"Omi iyọ̀ wo?"

"Èyí tó wà níwájú ẹ yẹn. Inú abọ́. Mo pò ó sílẹ̀ kí n tó lọ sọ́jà, kí iyọ̀ rẹ̀ lè yọ́ dáadáa. Kí ló dé tó ò ń wò mí báyẹn?"

Mo ki ìka bọ omi náà, mo fi kan ahọ́n. Ojú mi rún. Gbogbo ẹni tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ló máa ń fi omi iyọ̀ rẹ ẹja kó tó gbé e síná, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í fi iyọ̀ ṣeré, ẹyin adìyẹ pàápàá á léfòó nínú omi tó bá pò. Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí. Láti kékeré ni mo ti ń gbé abọ́ yìí. Ẹni tó bá sì ti lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun rí ló mọ̀ pé omi iyọ̀ máa ń gbé nǹkan tí omi lásán kò lè gbé. Omi wo ni mo wá rò pé yóò wà nídìí ààrò ìyá mi lọ́jọ́ tó ń lọ ra ẹja?

"Màámi, ẹ dúró! Ẹ má ṣe nǹkan kan! Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan!"

"Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?"

Mo ti sáré jáde. Bàbá mi rí mi tí mo kọjá lọ, ó tún rí mi tí mo kọjá bọ̀ pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà ní ọwọ́ méjèèjì, ó kàn mi orí ni. Mo fọ abọ́ kékeré kan, mo fi eyín já náílọ́ọ̀nù, mo da omi sí i. Mo ṣan àáké náà títí iyọ̀ fi kúrò lára rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo mú agolo mi jáde. Ìyá mi ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tíì yé e. Mo ju ojúlówó tí mo mọ̀ sí i, ó rì. Mo ju ayédèrú sí i, ó léfòó. Mo yọ wọ́n kúrò, mo fi àáké sí ìyá mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jù ú sí i."

"Bísímílá," ló wí, ó sì jù ú sí i.

Ó dúró sójú omi. Ìyá mi di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Nígbà náà ni mo rí i pé ìdí rẹ̀ tí mo ti jẹ pálapàla ló fa atẹ́gùn díẹ̀ mọ́ra, ó léfòó bíńtín bí ìfófò ọṣẹ. Mo fi ìka ta á. Atẹ́gùn náà jáde. Àáké náà fi orí lọ sísàlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò kánjú rárá, ó sì dùbúlẹ̀ sí ìdí abọ́.

"Ó rì?"

"Ó rì, Màámi."

"Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Ó rì. Ìyá mi fúnra rẹ̀ tún un ṣe, ó tún rì. Ó ní kí n jù ú sínú omi iyọ̀, ó léfòó. Ó ní kí n dá a padà sí píọ̀ wọ́tà, ó rì. Mi ò mọ iye ìgbà tí a ṣe é. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dúró, ó ń sọ pé Alihamudulilahi, Alihamudulilahi, ó wá fi etí ìró bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ara tù mí débi pé mo jókòó sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo wọ̀ wá láti Ikorodu. Bàbá mi dé Jámánì. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ ní èbúté, òtútù mú un, ó sì rántí ra panápaná fún ọmọ rẹ̀. Gbogbo bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ìyá mi wí nígbà tó ṣíjú. "Ọlọ́run á foríjì í. Bóyá ẹni tó jọ ọ́ ni wọ́n rí."

Ó yọ àáké náà nínú omi, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó dì í padà sínú áńkáṣífù, ó sì so ó mọ́ igun ìró rẹ̀. Mo bi í bóyá kí n lọ sọ fún Bàbá. Ó ní kí n máa wo ẹja.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ síwájú, mo tẹ̀ lé e dé igun ògiri, mo dúró síbẹ̀. Ó dúró níwájú bẹ́ǹṣì bàbá mi, ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró, bí ọmọbìnrin tí wọ́n rán níṣẹ́.

"Bàbá."

"Ẹn."

"Òtútù ibẹ̀ yẹn, báwo ló tilẹ̀ ṣe rí gan-an?"

"Òtútù ibo?"

"Ti Jámánì."

Bàbá mi wò ó. Ó na ọwọ́ sí rédíò, ó pa á.

"Etí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Á kọ́kọ́ máa dùn ẹ́, tó bá yá, o ò ní í mọ̀ pé o ní etí mọ́."

Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá mi jókòó tì í. Mo padà sídìí ààrò, mo sì ń da òbòkún náà sínú omi iyọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń gbọ́ ohùn bàbá mi tó ń lọ láìdúró, garawa, okùn tó gan, àdá tí wọ́n fi ń gé omi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ti ìyá mi, pẹ̀lú àánú tó ti wà nílẹ̀ fún un láti ìgbà tí mo wà ní kékeré:

"Ẹ ò wá rí nǹkan fi bora ni?"